Olówó Nílé, Tálákà Lójú Ọ̀nà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn amòfin Ìsìláàmù ti ń gbé yẹ̀wò láti ọ̀rúndún pípẹ́, tí àwa arìnrìn-àjò òde òní kì í sì í kà sí títí di ọjọ́ tí yóò dìde dúró níwájú wa ní ìlú onílùú: bí ọkùnrin kan bá ní ilé, tí ó ní oko, tí owó rẹ̀ sì kún àpótí ní ìlú tí a gbé bí i, ṣùgbọ́n tí ó wà ní òkèèrè níbi tí kò ti ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, tí kò sì sí ọ̀nà tí yóò fi fa èyí tí ó wà nílé dé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ṣé olówó ni kí a pè é ni, tàbí tálákà? Ẹni tí kò bá rìn jìnnà rí yóò dáhùn wàràwàrà pé olówó ni, nítorí pé ohun ìní ẹni kì í di ti ẹlòmíràn kìkì nítorí pé a kò sí nítòsí rẹ̀. Ìdáhùn àwọn amòfin yàtọ̀. Nínú Kùránì Alápọ̀nlé, Súrà 9, ẹsẹ 60, níbi tí a ti ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, arìnrìn-àjò tí ọ̀nà já mọ́ lọ́wọ́ ni a fi kádìí wọn. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé kò pọn dandan kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ òtòṣì ní ìlú rẹ̀, kí ó ṣá ti jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ní ibi tí ó wà. A lè jẹ́ ẹni tí ń yọ sàká ní Ìbàdàn lóṣù yìí, kí a sì di ẹni tí a ń yọ sàká fún ní Jẹ́dà lóṣù tí ń bọ̀, láìjẹ́ pé olè jà wá, láìjẹ́ pé iná jó wa, láìjẹ́ pé a pàdánù kọ́bọ̀ kan lórí ọjà.

Nígbà tí káàdì báǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde láàárín wa, ó jọ pé ìbéèrè náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Pẹlẹbẹ ike kan ṣoṣo nínú àpò, ẹ̀rọ ìpọwó ní ojú pópó gbogbo ìlú ńlá, ẹni tí a bí ní Abẹ́òkúta á ki káàdì rẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀rọ ní Mẹ̀dínà, owó onílùú á sì máa wọ́ jáde sí i lọ́wọ́. Àwa tí a ti ń sọ ọ́ láti ìran baba wa pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ilé gan-an ni a gbé dání lọ sí àjò. Ìgbà díẹ̀ ni. Ní ìdajì ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ń lọ ní iye tí ó ju $100 lọ ní ọjà àgbáyé. Kí ọdún 2015 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí abẹ́ $40, dọ́là tí Nàìjíríà ń rí sì fà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015 yẹn kan náà ni Báǹkì Àpapọ̀ gé iye tí ẹnì kan lè ná lókèèrè lórí káàdì náírà láti $150,000 sí $50,000 lọ́dún, tí ó sì pàṣẹ pé owó tí a ó máa gbà lẹ́nu ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ju $300 lọ lójúmọ́. Kí ọdún náà tó yí, àwọn báǹkì kan ti dá káàdì náírà dúró pátápátá lẹ́yìn odi. Wọ́n ṣí i díẹ̀, wọ́n tún tì í. Nígbà tí ó fi máa di 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì kò gbà kí oníbàárà fi káàdì náírà ná ju $20 lọ lóṣù kan sí òkèèrè, lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ilẹ̀kùn náà pa, ó sì di 2025 kí àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà: ẹni tí ó bá fi ìwé ìrìnnà, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn lè ra owó ìrìn-àjò ní báǹkì, $4,000 fún arìnrìn-àjò lásán, $5,000 fún oníṣòwò, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n owó tí a rà kí a tó kúrò nílé, owó ohun tí a ti rò tẹ́lẹ̀ ni. Ìyà ojú ọ̀nà kì í sì í bá ni ní ibi tí a ti rò ó sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká mọ́, aláìsàn wà, oníṣòwò wà pẹ̀lú. Síbẹ̀ ẹni tí ó lọ sí ilẹ̀ mímọ́ ni mo fẹ́ dúró tì, nítorí pé òun ni ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ nípa àpò rẹ̀ láìfi ohunkóhun bò. Nígbà tí ọkùnrin bá wọ aṣọ ìhárámù, aṣọ funfun méjì tí kò ní ojú abẹ́rẹ́, Ọlọ́run ọba, atẹ́rẹrẹ-káríayé, gba agbádá lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba fìlà lórí rẹ̀, ó sọ mẹ̀kúnnù àti ọlọ́lá di ọgbọọgba níwájú Káábà. Ṣùgbọ́n kò gba àpò owó. Àwọn tí ó sún mọ́ Ànábì tímọ́tímọ́ gbà kí alálàájì so ìgbànú owó mọ́ ìdí nínú ìhárámù, àwọn ọmọ Málíkì, ìyẹn àwọn amòfin tí ń tẹ̀ lé ìlànà Ìmáámù Málíkì, sì fi kún un pé owó ìnáwó ara rẹ̀ ni kí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe owó òwò tàbí owó ẹlòmíràn. Ẹ kíyè sí i bí òfin náà ti mọ ènìyàn tó: a lè bọ́ gbogbo ẹ̀yẹ ayé sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi jẹun yóò máa ronú nípa oúnjẹ lórí òkè Àráfà ni, kò ní ronú nípa Ọlọ́run. Owó ìrìn-àjò, nígbà náà, kì í ṣe ohun tí ó ta ko ìjọsìn. Ara ìjọsìn ni. Ẹni tí ó bá sì dí i lọ́nà, tàbí tí ó bá bù ú jẹ, ní láti lè sọ ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Gbèdéke tí a dá lé káàdì kò ṣàdédé sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Nígbà tí iye tí ìjọba ń ta dọ́là kò dọ́gba mọ́ pẹ̀lú iye tí ọjà ń tà á, àwọn kan gba káàdì lọ́wọ́ ìyàwó, lọ́wọ́ àbúrò, lọ́wọ́ ará àdúgbò, wọ́n dì í ní ìdì, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń lọ gba dọ́là lẹ́nu ẹ̀rọ òkèèrè ní iye ti ìjọba, wọ́n sì ń gbé e padà wá tà ní iye ti ọjà. Owó oògùn àti owó ilé-ìwé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi ṣe òwò. Ohun tí ó bá jẹ́ àjọní tí kò sì pọ̀, kí a wọ̀n ọ́n kí ó lè kárí kì í ṣe ìkà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni pariwo pé ìwọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ń dun ènìyàn ni pé ẹni tí ó kó ogún káàdì dání ni a dẹ pàkúté fún, ẹni tí ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì mú, nítorí pé olókòwò ti ní ọ̀rẹ́ ní òkèèrè tí yóò fi ara pamọ́ sí lẹ́yìn, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kò sì ní ju ike tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá báǹkì tàbí ìjọba lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Gbogbo wa ni a ń sọ pé owó wa wà ní báǹkì, bí ẹni pé ìdì kan wà nínú yàrá onírin níbẹ̀ tí a kọ orúkọ wa sí lára. Ní ọdún 1848, Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ kan láàárín Foley àti Hill, ẹjọ́ tí òfin báǹkì ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba, tí tiwa kò gbẹ́yìn, ń tẹ̀ lé títí di òní. Wọ́n ní owó tí a bá ti kó lé báǹkì lọ́wọ́ ti di ti báǹkì, ó lè fi ṣe ohun tí ó wù ú. Ohun tí ó kù fún ẹni tí ó kó o wá ni gbèsè tí báǹkì jẹ ẹ́. A rò pé a fi àmánà pamọ́ sọ́wọ́ olùṣọ́ ni, òfin ní owó ni a yá onígbèsè. Ìyàtọ̀ náà kò kéré rárá níwájú Ọlọ́run: ẹni tí a fi àmánà pamọ́ sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tí a yá ní owó ti ná an, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó kù lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ẹnu sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí mo bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ní Adó-Èkìtì, onígbèsè mi ni ó ń san díẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀ fún mi ní ìlú tí a ti mọ òun àti èmi. Nígbà tí mo bá ki káàdì kan náà bọ ẹnu ẹ̀rọ ní Istanbul, báǹkì kan tí kò mọ̀ mí, tí kò mọ báǹkì mi, ni yóò yọ owó ara rẹ̀ fún mi, kìkì nítorí pé ẹgbẹ́ bíi Visa tàbí Mastercard ṣe onígbọ̀wọ́ pé a ó san án padà ní owó tí gbogbo ayé ń gbà, tí náírà kì í ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀. Onílé ẹ̀rọ gba tirẹ̀, onígbọ̀wọ́ gba tirẹ̀, báǹkì ilé gba tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó wọ́pọ̀ kí báǹkì ilé nìkan yọ nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí a ń san owó lé lórí, bí a bá wò ó dáadáa, ni pé àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn gba ara wọn gbọ́ nítorí tiwa. Àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti kọ ọ́ sára owó bébà wọn láti 1957 pé Ọlọ́run ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé. Síbẹ̀ ẹni tí ń ra dọ́là ní ọjà Balógun, Amẹ́ríkà ni òun gbẹ́kẹ̀ lé, ó di ọjọ́ ìdájọ́ kí a tó mọ èyí tí ó dára jù nínú ìgbẹ́kẹ̀lé méjèèjì.

Àwọn baba wa kò rò ó rí pé owó lè rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, tí í ṣe 20,000, ẹrù alágbàárù kan odindi ni. Ẹni tí ó bá fi í ránṣẹ́ láti Ìlọrin dé Ìjẹ̀bú mọ̀ pé alágbàárù yóò jẹ nínú rẹ̀, pé oníbodè ọba, aláṣẹ èkejì òrìṣà, yóò sì gba nínú rẹ̀ ní ẹnu odi, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó délé kò ní tó ohun tí ó jáde. Ajé ògúgúlúsọ̀ tí tọmọdé tàgbà ń wá kiri, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn nígbà náà, ẹlẹ́sẹ̀ sì ní láti jẹun. Bákan náà ni alájọ tí ń ká owó àwọn ìyá ọlọ́jà lójoojúmọ́: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀, ìyá aláta mọ̀ ọ́n kí ó tó fi kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó pe alájọ ní olè nítorí èyí. Àwọn àgbà sì máa ń ròyìn àwọn tí ń pàtẹ iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko láìsí ẹni tí ó jókòó tì í, tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn, tí ẹni tí ń kọjá lọ á mú ọjà, á fi owó sílẹ̀, á sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìwà jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ owó, kí ó ronú lórí òkúta wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn. Kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ẹni tí ń rà, kò sì sí ohun tí a fi pamọ́ fún un. Àjèjì tí kò gbọ́ èdè wa pàápàá lè ka òkúta.

Àwọn Júù ìgbàanì pẹ̀lú kò kọ owó iṣẹ́. Nínú ìwé Deutarónómì, orí 14, a pàṣẹ pé bí ọ̀nà bá jìn jù fún ẹni tí yóò gbé ìdámẹ́wàá oko rẹ̀ lọ sí ibi tí Olúwa yàn, kí ó tà á, kí ó di owó rẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí ó sì fi ra ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀hún. Òfin owó ìrìn-àjò ni èyí, kò sì ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí ó yá, tí olúkúlùkù ọkùnrin ń san ìlàjì ṣékélì fún Tẹ́ḿpìlì lọ́dọọdún, fàdákà ìlú Tírè ni wọ́n ń gbà, nítorí pé ó mọ́ ju ti àwọn ìlú yòókù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí òrìṣà àwọn ará Tírè ni wọ́n yà sí i lára. (Ẹni tí ó bá ń ráhùn lónìí pé dọ́là ni a fi ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́, kí ó rántí èyí.) Míṣínà, ìwé òfin àwọn Júù tí a kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, sọ pé ní ọjọ́ 15 oṣù Ádárì ni wọ́n ń tẹ́ tábìlì onípàṣípààrọ̀ ní ìgbèríko, tí ó bá sì di ọjọ́ 25, wọ́n á tẹ́ ẹ nínú Tẹ́ḿpìlì. Àfikún kékeré kan wà lórí ìlàjì ṣékélì náà. Ìwé òfin sọ ọ́ ní gbangba, ó sì dárúkọ ẹni tí yóò san án àti ẹni tí kò ní í san án. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá san ìlàjì ṣékélì fún tálákà tàbí fún aládùúgbò rẹ̀ ní ọ̀fẹ́, a kò ní gba àfikún lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó yá ẹni náà ni, yóò san án. Ibi tí àánú bá ti wọlé, owó iṣẹ́ á jáde.

Kí ni Jésù wá bínú sí, tí ó fi ti tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ṣubú? Ọ̀pọ̀ oníwàásù a máa sọ pé owó nínú ilé Ọlọ́run ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin Mósè fúnra rẹ̀ ni ó mú owó dé ibẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó kàn lẹ́yìn onípàṣípààrọ̀ nínú ìtàn náà: àwọn tí ń ta ẹyẹlé ni, ẹyẹlé sì ni ẹbọ tí òfin yọ̀ǹda fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká àgùntàn. Ẹni tí ó ti Gálílì rìn wá, tí kò lè padà láìrú ẹbọ, tí kò ní fàdákà mìíràn tí Tẹ́ḿpìlì lè gbà, kò lè ná ọjà. Iye tí a bá pè fún un ni yóò san. Ihò àwọn olè ni Jésù sọ pé wọ́n sọ ibẹ̀ dà. Lójú tèmi, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó dá lẹ́bi, bí kò ṣe pé wọ́n rí ẹni tí kò ní ibòmíràn láti yà sí, wọ́n sì fi èyí ṣe èrè.

Àwọn amòfin Mùsùlùmí tú ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ròyìn pé Abdullahi ọmọ Subairu a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Mẹ́kà, á sì kọ ìwé fún wọn sí àbúrò rẹ̀ Musabu ní Iráákì kí wọ́n lè gbà á lọ́hùn-ún; káàdì báǹkì kò tíì ṣe ohun tí ó ju èyí lọ. Nígbà tí àwọn jagunjagun Templar, tí ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1119, ń gba owó àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ní Yúróòpù tí wọ́n sì ń san án fún wọn ní Jerúsálẹ́mù, ọgbọ́n náà ti dàgbà ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Sùfùtájà ni àwọn amòfin ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jiyàn lé e lórí gidigidi. Owó tí a yá ni tí ó bá mú èrè wá fún ẹni tí ó yáni, èlé ni. Ẹni tí ó bá sì yá ọ ní owó níhìn-ín kí o lè san án fún un lọ́hùn-ún ti rí èrè, nítorí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà. Nítorí náà ni àwọn ọmọ Málíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, fi kọ̀ ọ́, àfi nígbà tí ìbẹ̀rù bá gba gbogbo ojú ọ̀nà kan. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo bí ẹ̀rí-ọkàn àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ohun tí àwa ń kà sí inú rere lásán, pé a gba owó ọ̀rẹ́ kọjá odò, àwọn gbé e lé ìwọ̀n láti mọ ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀. Ní ti ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà, kò sí ẹni tí ń gbé Nàìjíríà tí a ní láti là á yé pé ó ti gba gbogbo rẹ̀ kan.

Bí owó iṣẹ́ kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ìwọ̀n kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà? Ibi tí méjèèjì ti pàdé lórí tálákà ni mo kọ́kọ́ rí i. Ká ní ẹ̀rọ kan ń yọ $5 lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gba owó. Ẹni tí ó gba $300 lẹ́ẹ̀kan náà kò san tó $2 nínú ọgọ́rùn-ún; ẹni tí kò ní ju $20 lọ láti gbà ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀. Bí òfin bá tún wá sọ pé kò gbọdọ̀ gbà ju $100 lọ lóòjọ́, ẹni tí ó nílò $300 yóò padà wá nígbà mẹ́ta, yóò sì san owó ibodè nígbà mẹ́ta lórí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó dá ìwọ̀n kò rò pé òun ń sọ owó iṣẹ́ di púpọ̀, ẹni tí ó dá owó iṣẹ́ kò mọ̀ nípa ìwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó pète ìkà nínú wọn, ìkà sì ṣẹlẹ̀.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé a pète rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí àlejò ń yà sí, ẹ̀rọ ìpọwó yóò bi í léèrè, pẹ̀lú ọ̀yàyà, bóyá ó fẹ́ kí a ka owó náà sí i lọ́rùn ní owó ìlú rẹ̀ tàbí ní owó ìlú tí ó wà. Àlejò á rí orúkọ owó ilé rẹ̀ ní ojú ẹ̀rọ, ara á tù ú, á tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé nípa títẹ̀ bẹ́ẹ̀, onílé ẹ̀rọ ni ó fún láṣẹ láti dá iye tí yóò fi ṣẹ́ owó náà fúnra rẹ̀, iye náà a sì máa burú ju èyí tí báǹkì rẹ̀ ìbá lò lọ. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. A ròyìn pé Ànábì Muhammad kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin sì kàn án níka. Oníṣòwò ní òjò ni ó pa á, Ànábì sì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Òjò kì í ṣe ẹ̀bi oníṣòwò, gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ẹ̀rọ kì í ti í ṣe ẹ̀bi báǹkì. Ohun tí a fi sí ìsàlẹ̀ òkìtì ni ẹjọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí fún wa pé bí ayé ti rí nìyẹn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2002 ni òfin ti pa á láṣẹ ní àwọn ilẹ̀ tí ń ná owó yúrò pé owó tí báǹkì yóò yọ lọ́wọ́ ẹni tí ó gba yúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ní ilẹ̀ kejì kò gbọdọ̀ ju èyí tí yóò yọ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Láti oṣù kẹrin 2020 ni ó sì ti di dandan lọ́hùn-ún pé kí ẹ̀rọ tí ń fi owó ilé lọ àlejò fi àfikún tí ó wà nínú rẹ̀ hàn án. Ènìyàn ni ó gbé òkúta wẹ́wẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Àwa tí a wà níhìn-ín ńkọ́? Ìmẹ̀kọ àti Kétu, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọba Alákétu kan náà ni wọ́n jọ ń wò lójú kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fa ààlà ní 1889, èdè kan náà ni wọ́n fi ń kí ara wọn títí di òní. Séfà, tí a dá sílẹ̀ ní 1945, ni a ń ná ní Kétu, náírà ni a ń ná ní Ìmẹ̀kọ. Ó wá di pé ìyá tí ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní ìsọdá ààlà ní láti kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí wọ́n jókòó ti ìdì owó ní ẹnu ibodè, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kọjá ààlà, èdè kọjá ààlà, òrìṣà kọjá ààlà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé báǹkì kò kọjá. Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, wọ́n ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní PAPSS ní Àkírà, kí ẹni tí ó ní náírà lè fi náírà sanwó, kí ẹni tí ń gbà á sì gbà á ní owó tirẹ̀ láìkọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ dọ́là. Ètò tí ó dára ni. Ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà ni a ó ti gbọ́ bóyá ó ti dé.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ àwọn amòfin, nítorí pé ìdáhùn wọn kò tíì tán. Àwọn ọmọ Málíkì kò sọ pé kí a máa ju sàká sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun jẹ́ àlejò: ìrìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ olówó ní ìlú rẹ̀, tí ó rí ẹni tí yóò yá a ní owó níbẹ̀, awin ni kí ó gbà, kì í ṣe sàká, bí a bá sì fún un tí ó jókòó tí kò rìn mọ́, a ó gbà á padà. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó ní ilé méjì ní Ìlọrin tí káàdì rẹ̀ kọ̀ ní Mẹ́kà kò nílò àánú, ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni ó nílò, ohun kan náà tí ẹ̀rọ ń tà fún un lówó gọbọi. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tálákà ni ní òtítọ́, ẹni tí ó bá sì jẹ èrè lórí àìmọ̀kan rẹ̀, owó tálákà ni ó jẹ, bí ó ti wù kí ilé rẹ̀ pọ̀ tó ní Ìlọrin.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí àti ìjọ àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Jẹ́dà àti níbi gbogbo tí a ń gbé pé kí wọ́n ya àpò kan sọ́tọ̀ fún àlejò àti akẹ́kọ̀ọ́ tí báǹkì ilé ti já sílẹ̀, kí wọ́n máa yá a ní ohun tí yóò fi jẹun tí yóò sì fi wọkọ̀ délé, láìsí èlé, láìsí owó iṣẹ́, kí ó sì dá a padà ní náírà fún aṣojú wọn nígbà tí ó bá gúnlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àjò, ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín kí ẹ tó gbéra iye tí yóò yọ lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó lè jẹ́ kí ẹ gbà lóòjọ́. Bí ẹ̀rọ bá sì bi yín ní òkèèrè irú owó tí ẹ fẹ́ kí ó kà sí yín lọ́rùn, ti ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ mú.